Ata rodo tó ń rọ, tó ń ká ewé lẹ́yìnkùlé: ìdáhùn fún ìyá kan ní Ìsánlú

Ìbéèrè: «Ojú ilẹ̀ kan náà lẹ́yìnkùlé wa ni mo ti ń gbin ata rodo láti bí ọdún márùn-ún, èmi a máa fi tòmátò àti ikàn sí àárín rẹ̀. Lọ́dún yìí mo lọ́ ọ ní oṣù Karùn-ún, ó sì yọ dáadáa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ní oṣù Keje, àwọn kan rọ lójijì tí ewé wọn ṣì tutù, wọ́n sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó kù ń ká ewé, ewé tuntun wọn kéré, òdòdó wọn sì ń rẹ̀ dànù. Mo ti fọ́n oògùn apakòkòrò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo tún da ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Kí ni kí n ṣe?»

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, ìyá wa. Ohun tó ń bá ata yín jà ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyẹn tí oògùn kan ṣoṣo kò fi lè mú un. Èyí tó rọ lójijì, inú ilẹ̀ ni àrùn rẹ̀ wà, apakòkòrò tí a fọ́n sórí ewé kò sì lè dé ibẹ̀. Èyí tó ń ká ewé, ọ̀mùnú rẹ̀ ni a ó yẹ̀ wò. Kí a tó sọ ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ jẹ́ kí a mọ àrùn náà dájú, nítorí a kò gbọ́dọ̀ máa náwó sórí oògùn tí a kò mọ ohun tó fẹ́ wò.

Ẹ fa ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ láàárọ̀ tu, kì í ṣe èyí tó ti gbẹ. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀bẹ tó mú gé igi rẹ̀ ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sókè ojú ilẹ̀. Ẹ bu omi tó mọ́ gaara sínú ife gíláàsì, ẹ di igi náà mú kí ojú ibi tí ẹ gé kan omi, kí ẹ má mì í rárá. Bí ohun funfun tín-ín-rín bá ń ṣàn jáde bí èéfín lọ sí ìsàlẹ̀ ife láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bakitéríà ni, Ralstonia solanacearum lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ojú ọgbẹ́ ara gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á wá di ọ̀nà omi inú igi pa. Ìdí nìyẹn tí ata fi ń rọ tí ewé rẹ̀ kò tíì pọ́n: òùngbẹ ló ń pa á nígbà tí omi wà nílẹ̀.

Bí ohun funfun kò bá jáde, ẹ wo ìdí igi náà. Àwọ̀n funfun tó yí ìdí ká, tí hóró kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ wà lára rẹ̀, àrùn olú inú ilẹ̀ nìyẹn, àwọn hóró yẹn ló sì ń sùn sínú ilẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó sì ń rà, tí omi òjò máa ń dúró níbẹ̀, ilẹ̀ tí kò fa omi ni ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ tún fọwọ́ kan gbòǹgbò. Bí kókó bá wà lára rẹ̀ tí kò ṣeé fi ìka họ kúrò, aràn inú ilẹ̀ ló wọ inú rẹ̀. Ata tó ní aràn kì í sáàbà kú lójijì. Ó máa ń rọ lọ́sàn-án, á tún jí nírọ̀lẹ́, kò ní ga, kò ní so tó. Aràn yìí tún burú ní ti pé ó ń dá ọgbẹ́ sí gbòǹgbò, bakitéríà á wá gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, ọkàn wa lọ sí bakitéríà. Ọdún márùn-ún lórí ilẹ̀ kan náà, pẹ̀lú tòmátò àti ikàn láàárín, gbogbo wọn ni ìdílé kan náà. Ohun tó ń pa ọ̀kan ló ń pa èkejì. Ẹ̀fọ́ odù àti ògùnmọ̀ náà wà nínú ìdílé yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dùnkún òyìnbó àti tábà. Lọ́dọọdún ni ẹ ń bọ́ àrùn náà láìmọ̀.

Kò sí oògùn tí ẹ lè rà lọ́jà Ìsánlú tàbí Kàbbà tí yóò wo ata tó ti kó o. Ẹni tó bá sọ pé òun ní in, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ hú gbogbo èyí tó rọ, pẹ̀lú ẹ̀kún ọkọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ kó o sínú àpò, ẹ sá a kí ó gbẹ, ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sórí ààtàn tí ẹ ti ń bu ajílẹ̀, ẹ má sì jù ú sójú àgbàrá, nítorí omi òjò á gbé e lọ bá ata ẹlòmíràn nísàlẹ̀. Ẹ fọ ọkọ́ àti àdá kí ẹ tó fi wọ́n kan apá ibòmíràn nínú ọgbà.

Ilẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ rí ata, tòmátò tàbí ikàn mọ́ fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. A mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ fi ẹ̀wà tàbí ilá sí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí kókó lára gbòǹgbò ata, ẹ dúró ná, aràn yẹn fẹ́ràn ilá àti ẹ̀wà gan-an. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ máa fi ọkọ́ yí ilẹ̀ náà padà kí oòrùn lù ú, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Oòrùn àti gbígbẹ ń dín aràn kù púpọ̀. Koríko tó bá hù níbẹ̀, ẹ ro ó kúrò, torí àrùn náà lè máa gbé lára àwọn èpò kan títí ata yóò fi padà dé.

Bí ẹ kò bá ní ilẹ̀ mìíràn, ẹ gbin ata sínú àpò ìrẹsì tàbí ike ọ̀dà oní-lítà 20 tí a lu ihò mẹ́fà sí nídìí. Ẹ lọ bu iyẹ̀pẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbin ata sí rí, ẹ pò ó mọ́ ajílẹ̀ tó ti jinná, iyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta sí ajílẹ̀ kan. Ẹ gbé ike náà sórí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù, kí ìdí rẹ̀ má kan ilẹ̀ tó ní àrùn. Igi kan nínú ike kan ti tó. Ike mẹ́wàá tí a tọ́jú dáadáa yóò bọ́ ilé kan jù ọgọ́rùn-ún ata aláìsàn lọ.

Ó kan ewé tó ń ká. Ẹ ṣí ewé ọ̀mùnú padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí etí ewé bá ká sísàlẹ̀, tí ewé tuntun tínrín, tó le, tí abẹ́ rẹ̀ ń dán bí ẹni pé a fi epo pa á, tí àwọ̀ rẹ̀ ń lọ sí ti idẹ, kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló wà níbẹ̀. Ìgbà òjò tí ooru àti ọ̀rinrin wà pa pọ̀, bí oṣù Keje tí ẹ wà yìí, ni ó fẹ́ràn jù. Òun náà ló ń mú kí òdòdó máa rẹ̀ dànù. Bí etí ewé bá ká sókè, tí ẹ rí ohun fàdákà fàdákà lára ewé, àwọn kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sá pamọ́ sínú òdòdó ni. Bí ewé bá ní àbàwọ́n ewé-tútù àti ìyeyè tó pò mọ́ra, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé, tí igi rẹ̀ kò sì ga, fáírọ́ọ̀sì ni.

Ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣe pàtàkì gan-an. Apakòkòrò tó wọ́pọ̀ kì í pa kòkòrò àìfojúrí yìí. Èyí tó burú jù ni pé ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń jẹ ẹ́, nítorí náà bí ẹ ṣe ń fọ́n ọn ni ó ń pọ̀ sí i. A gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́gbà yín. Imí-ọjọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ohun ọ̀gbìn, ìyẹn sọ́fọ̀ (sulphur), ló ń mú un. Ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n tó wà lára ọ̀rá rẹ̀, ẹ fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, kí ó kan abẹ́ ewé, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ẹ má fọ́n ọn nígbà tí oòrùn ń mú, á jó ewé. Kí ẹ tó fọ́n ọn, ẹ fi ọwọ́ já àwọn ọ̀mùnú tó ti ká jù, ẹ sun wọ́n.

Fáírọ́ọ̀sì kò ní oògùn. Ẹ hú igi tó bá kó o. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ṣù jọ sábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, ẹnu rẹ̀ kò sì ní pẹ́ lára ewé kí ó tó fi àrùn náà sí i. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó fún un. Oògùn kì í yára tó bẹ́ẹ̀, kòkòrò á ti fi àrùn sílẹ̀ kí ó tó kú. Nítorí náà, láti nọ́sìrì ni a ti ń dá ààbò bo ata lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, kì í ṣe ìgbà tó bá ti tanná.

Fún kòkòrò wẹ́wẹ́ àti eṣinṣin funfun abẹ́ ewé, dóńgóyárò dára. Ẹ gbẹ èso rẹ̀, ẹ pa á, ẹ gún kóró inú rẹ̀. Kóró gígún gíráàmù 500 sínú omi lítà 10, kí ó sùn mọ́jú, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ bu ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ẹ lò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára igi kan, kí ẹ dúró ọjọ́ méjì. Ní ti ọtapiapia àti àwọn oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n fi dichlorvos ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kan ata tí ilé yóò jẹ. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, ó sì nídìí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ata kì í ṣe ohun tí a ń bó kí a tó jẹ ẹ́.

Òdòdó tó ń rẹ̀ ní oṣù Keje kì í ṣe ti ooru. Ooru oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ló ń gbọn òdòdó ata sílẹ̀ nílẹ̀ wa, nígbà tí òru pàápàá kò tutù. Ti oṣù Keje, ẹ wo kòkòrò ọ̀mùnú tí a sọ yẹn, kí ẹ sì wo ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ dà sí i. Ìgbẹ́ adìyẹ lágbára. Bí ó bá pọ̀ jù nígbà tí ata ń tanná, ewé ni igi á máa ṣe, á sọ òdòdó nù. Bí ó bá sì jẹ́ tútù, á jó gbòǹgbò, ọgbẹ́ yẹn náà á di ẹnu ọ̀nà fún àrùn ilẹ̀. Ẹ má dà á sí i mọ́ lọ́dún yìí.

Ní báyìí, ọdún tó ń bọ̀, níbi tí iṣẹ́ gidi wà. Ibi tí ata yóò wà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn: ilẹ̀ tí oòrùn ń lù fún wákàtí mẹ́fà, tí kò sí lábẹ́ igi máńgòrò, tí omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ kì í ṣàn dé, tí ewúrẹ́ àti adìyẹ kò lè dé. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ẹsẹ̀ kan, ẹ bu omi kún un. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ kọ ebè gíga. Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn àpáta Yàgbà àti Ìjùmú, ilẹ̀ yanrìn ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sábà máa ń fa omi dáadáa, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ mítà 6 sí mítà 6 tó fún ilé ńlá kan. Bí àárín igi kan sí èkejì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí àárín poro kan sí èkejì náà jẹ́ 60, ọgọ́rùn-ún ata ni yóò gbà. Ẹ má fún wọn mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ata tó há mọ́ra kì í tètè gbẹ lẹ́yìn òjò, èso rẹ̀ á sì máa ní egbò kòtò dúdú nígbà tó bá pọ́n.

Ní ti irúgbìn, ẹ má fi èyí tí ẹ bọ́ nínú ata ọjà gbìn. Ẹ mú u lára igi tó lera jù tí òdòdó rẹ̀ kò rẹ̀, èso tó pọ́n tán tí kò ní àbàwọ́n. Bí ẹ bá gbin ata wẹ́wẹ́ àti rodo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oyin lè pò wọ́n, ohun tó máa hù kò ní jọ ìyá rẹ̀. Ẹ fi abẹ́ òjìji gbẹ kóró náà, kì í ṣe lórí páànù. Ẹni tó bá ní tẹ̀mómítà lè kó irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí ó rì í sínú omi tó gbóná dé 51°C fún ìṣẹ́jú 30, kí ó wá fi omi tútù ṣàn án. Èyí ń pa àrùn ara kóró. Ẹni tí kò bá ní tẹ̀mómítà kò gbọdọ̀ dán an wò, torí ìwọ̀n díẹ̀ tó bá lé ni yóò sè é. NIHORT ní Ìdí-Iṣin ní Ìbàdàn ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lórí ata àti ẹ̀fọ́, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń wá irúgbìn tó dájú.

Nọ́sìrì fún ata ìgbà òjò, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín oṣù Kẹta, kí ẹ lè lọ́ ọ ní ìparí oṣù Kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò bá ti dúró déédéé. Ẹni tó ní àkùrọ̀ létí odò lè ṣe ti ẹ̀ẹ̀rùn: nọ́sìrì ní oṣù Kẹsàn-án, kí ó lọ́ ọ ní ìparí oṣù Kẹwàá. Ti àkùrọ̀ ni àwa fẹ́ràn jù, ewé kì í tutù pẹ́ títí, àrùn ewé kì í pọ̀. Ohun tó ń kó bá a ni omi tó gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ ṣe ebè nọ́sìrì tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ kó koríko gbígbẹ àti ẹ̀ka sórí rẹ̀, ẹ sun ún, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ kó eérú púpọ̀ kúrò. Ẹ fi igi fa ila tó jìn tó ìdajì ìka, kí àárín ila kan sí èkejì tó ìbú ọwọ́ kan, ẹ wọ́n irúgbìn sí i kí ó má ṣù jọ, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ wẹ́wẹ́ bò ó, ẹ fi koríko gbígbẹ lé e. Rodo lè hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó tún lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má hú u wò. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tó yọrí, ẹ kó koríko kúrò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí ó bá pẹ́ lábẹ́ rẹ̀, igi rẹ̀ á gùn gbọọrọ, á wá dọ̀bálẹ̀.

Láàárọ̀ nìkan ni kí ẹ máa fọ́n omi sí i. Irúgbìn kéékèèké tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín lójijì tó sì wó, omi àṣálẹ́ àti híhá mọ́ra jù ló ń fà á. Ẹ já àwọn kan kúrò kí ìka méjì lè wà láàárín wọn. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe òjìji lókè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ sì fi àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ tó ti ẹ̀fọn bò ó yíká títí di ọjọ́ tí ẹ ó lọ́ ọ. Àwọ̀n yìí ni ààbò kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́ dáadáa sí fáírọ́ọ̀sì tí ẹlẹ́yìnkùlé lè ṣe láìná owó púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ máa mú òjìji kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ dín omi kù, kí igi lè le.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje, nígbà tó bá ní ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ lọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Ẹ bu omi sí nọ́sìrì kí ẹ tó wú u, kí iyẹ̀pẹ̀ lè bá gbòǹgbò. Ibi tí ìdí rẹ̀ dé ní nọ́sìrì ni kí ó dé lóko, ẹ má rì í bí ti tòmátò.

Ajílẹ̀ gbọdọ̀ ti wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ìgbẹ́ adìyẹ tí a ti kó jọ sábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí a yí padà lọ́sẹ̀ méjì méjì, tí kò ní òórùn tó ń gún imú mọ́, kílò 1 fún mítà kan níbùú lóròó ti tó. Ti ewúrẹ́, kílò 2. Ẹ má pò eérú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tútù, eérú ń lé agbára rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi NPK 15-15-15 kún un, síbí tíì méjì tí kò kún gègèrè fún ìdí kan, lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ lọ́ ọ, kí ó jìnnà sí igi ní ìbú ọwọ́ kan, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá ti so èso àkọ́kọ́.

Ẹ kó koríko gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ó má kan igi. Òjò kò ní ta iyẹ̀pẹ̀ sára ewé, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì ní gbẹ ilẹ̀ lójijì. Ìgbà tí omi bá ń wá tó ń lọ ni ìdí tàtàṣé máa ń dúdú kí ó tó pọ́n, rodo kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń ro ó, ọwọ́ ni kí ẹ fi fa koríko ìdí ata. Ọkọ́ tó gé gbòǹgbò ti ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tí a ti ń sọ láti òkè.

Èyí tó ṣẹ́kù lórí ilẹ̀ yín báyìí, tí kò tíì rọ, tí kò sì ní fáírọ́ọ̀sì, ẹ má hú u. Ẹ já ọ̀mùnú tó ká, ẹ fọ́n sọ́fọ̀ sí i, ẹ sì máa ká èso rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún síra, pẹ̀lú igi kékeré tó so ó mọ́ ẹ̀ka, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ. Bí ẹ bá ti fọ́n oògùn, ẹ dúró iye ọjọ́ tó wà lára ọ̀rá kí ẹ tó ká. Èso tó bá já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ la á wò, ẹ ó rí ìdin eṣinṣin nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ ṣà wọ́n lójoojúmọ́, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, ẹ sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nọ́sìrì tuntun, ẹ kọ́kọ́ hú ata àgbà tó ní àbàwọ́n fáírọ́ọ̀sì tán nínú ọgbà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.